Ilẹ̀kùn Yàrá Fúláwà

Ẹni bá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ bàbá mi, ìtàn Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò gbà ní ènì. Kò sí oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n: bí ọmọ iṣẹ́ náà ṣe ń sùn ní pálọ̀ wa, bó ṣe ń bá wa jẹun, bó ṣe kọ́ṣẹ́ tán tó sì lọ láìdágbére, tó ṣí ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sí àdúgbò kejì, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa sì tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ìtàn náà ò tíì darúgbó.

Látìgbà yẹn, bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bó ṣe ń po fúláwà. Yóò wọ yàrá ẹ̀yìn, yóò ti ilẹ̀kùn, á fi irin há a látinú. Ìyá mi pàápàá, tó ń tajà lójú fèrèsé iwájú, kò mọ ìwọ̀n yíìsì tí ọkọ rẹ̀ ń lò. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó dáa, ẹ máa sá. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ọmọ yín ni ekòló?

Nígbà tí àìsàn mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Mo pa ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tì, mo wá pé kó kọ́ mi níṣẹ́ kí ilé búrẹ́dì wa má baà kú. Ó gbà. Ó ní kí n máa gbálẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Bí mo bá ti béèrè nípa pípò, á ní, "Ìyá mi, rọra. Kò tíì yá." Ìgbà wo ni yóò yá? Ọwọ́ ń kú lọ, ẹnu ò sì rẹ̀ ẹ́ láti máa ka ẹ̀ṣẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ gbàràmù nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, kí ló ṣubú?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ọpọ́n ti dojú dé, fúláwà bo ilẹ̀, ó bo irùngbọ̀n bàbá mi. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì po òmíràn nínú ọpọ́n kejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọlé, kó o ràn mí lọ́wọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọjú sí ògiri ná, kí n fi nǹkan sí i."

Mo kọjú sí ògiri. Èmi ọmọ tó bí! Mo dúró bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí agolo, tó sì ń wọn nǹkan. Mo yíjú padà.

"Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó fọwọ́ bo agolo. "Ẹlẹ́rìn-ín náà ń pè mí ní bàbá."

"Ó ti lọ! Ó ti lọ tipẹ́, ó ti gbàgbé yín, ẹ̀yin lẹ ṣì ń gbé e kiri. Èmi ni mo wà níbí. Tó bá jẹ́ báyìí la ó máa ṣe é, màá lọ bá a lónìí, màá kúnlẹ̀, màá ní kó kọ́ mi níṣẹ́ bàbá mi."

Ìyá mi ń pariwo láti iwájú pé àwọn oníbàárà ti ń lọ. Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, ó wò mí, ó sì ti agolo náà sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú fúláwà pípò náà.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò tíì tó."

Mo tẹ̀ ẹ́. Inú ṣì ń bí mi, mi ò lè pa á mọ́ra. Omijé ń kán sórí ọwọ́ mi, ó ń kán sínú ọpọ́n. Bàbá mi fi apá aṣọ rẹ̀ nù mí lójú.

"Ó tó," ó ní. "Mo ti fi iyọ̀ sí i."