Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Áyọ́ọ̀nù Gba Orí Rẹ̀ Kọjá

Ilé-iṣẹ́ lọ́tìrì ti gba bébà náà wọlé láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ti ní kí àwọn mẹ́rin tó mú un wá lọ jókòó. Mẹ́ta jókòó. Ẹnì kẹrin, obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, kò lè jókòó. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó ń padà bọ̀, bí adìyẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ibi yé sí.

Bébà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí nọ́ńbà kan tó ṣeé kà lójú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni, owó dé, orúkọ rẹ̀ sì mọ́. Bí wọn kò bá lè ṣe é, olè ni yóò máa jẹ́ lójú àwọn mẹ́ta tó jókòó yìí títí ọjọ́ alẹ́.

Gbóná-má-jó ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ yege, aṣọ oníbàárà kankan kò tíì jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó owó lọ́tìrì lé e lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì ní kó máa pa tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Nọ́ńbà márùn-ún kan náà ni wọ́n ń ta. Olúkúlùkù mú ọ̀kan wá. Ìkarùn-ún jẹ́ nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ti Baba Ọlọ́ṣẹ, àgbà tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ, ni iye ọdún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

“Baba, ìyàwó yín kì í dàgbà ni?” Dẹ́rẹ́bà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, máa ń bi í.

“Jẹ́ kó jẹ ná. A ó jọ dàgbà.”

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òjò ká Gbóná-má-jó mọ́ ọ̀nà bó ṣe ń ti ìsọ̀ onílọ́tìrì bọ̀. Omi wọ báàgì rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ohun tó bá tutù, alágbàfọ̀ mọ bí à á ti í ṣe é. Ó dín iná áyọ́ọ̀nù kù dé ibi tí wọ́n ń lò fún sílíkì, ó tẹ́ aṣọ funfun lé bébà náà lórí, ó sì rọra gbà á kọjá. Nígbà tó ṣí aṣọ funfun kúrò, tíkẹ́ẹ̀tì ti gbẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ti di èédú. Irú bébà bẹ́ẹ̀ kì í lo íńkì. Ooru ni ẹ̀rọ onílọ́tìrì fi ń kọ̀wé sí i. Áyọ́ọ̀nù ti kọ̀wé sí gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yẹ kó pariwo. Ó yẹ kó sáré padà lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n òjò kò dá, ẹ̀wù ìyàwó kan sì ń dúró dè é lórí pákó. Ó bi ara rẹ̀ pé, láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ta á, nígbà wo ló jẹ rí? Ó ká bébà náà, ó tì í bọ inú pọ́ọ̀sì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ka nọ́ńbà lórí rédíò. Nígbà tí ìkẹta bọ́ sí i, Dẹ́rẹ́bà pa fáànù kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tí ìkarùn-ún bọ́ sí i, Baba Ọlọ́ṣẹ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu fò bí ọmọ ẹran. Télọ̀, tó ń rán aṣọ tó bá ya, tí òun àti Gbóná-má-jó sì jọ lọ ilé-ìwé, dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn.

“Gbé e jáde! Gbé ọmọ wa jáde ká rí ojú rẹ̀!”

Apá ẹ̀wù kan náà ni Gbóná-má-jó ń lọ̀ lálọ̀túnlọ̀.

“Ó jó,” ni ó wí.

“Kí ló jó?”

“Tíkẹ́ẹ̀tì. Òjò pa á, mo lọ̀ ọ́.”

“O ṣe kí ni?”

“Mo lọ̀ ọ́. Kó lè gbẹ.”

Dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ṣé ẹ rántí fi sitáàṣì sí i?”

Gbóná-má-jó yọ bébà náà jáde nínú pọ́ọ̀sì, ó gbé e lé orí tábìlì. Ẹ̀rín gbẹ. Dẹ́rẹ́bà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Àǹtí, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ kì í da tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù. Ta ló mọ̀ bóyá ti ọ̀sẹ̀ tó lọ lẹ dáná sun, tí owó tọ̀sẹ̀ yìí sì ti gba ibòmíràn lọ?”

“Èmi?”

“Mi ò pe ènìyàn lólè. Mo kàn ń béèrè ni.”

“Ìbéèrè tìẹ yìí ní eyín.”

“Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é, ọmọ mi,” Baba Ọlọ́ṣẹ wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Gbóná-má-jó yíjú sí Télọ̀. Télọ̀ ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú kò wọlé, kò sì gbé ojú sókè. Ìyẹn ló dùn ún dé egungun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé bébà náà tọ onílọ́tìrì lọ. Ọkùnrin náà ní òun rántí òjò, òun kò rántí ẹni tó wá nínú òjò, ẹ̀rọ òun kì í sì í tọ́jú ohun tó bá tà. Ó wá yí bébà náà padà, ó fi èékánná tọ́ka sí nọ́ńbà pupa kan tí wọ́n ti tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

“Èyí kò jó. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì àgbà.”

Gbóná-má-jó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àwọn mẹ́ta yòókù, òun ló sì ní kí wọ́n jọ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun nìkan lọ, òun nìkan bọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀wé kan yọjú.

“Ta ló ni bébà dúdú?”

“Àwa ni,” Baba Ọlọ́ṣẹ dáhùn.

“Èmi ni,” Gbóná-má-jó wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé náà wò wọ́n. “Ẹ kú ìdúró. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé kà. Inú rólù bébà tí a kó fún onílọ́tìrì àdúgbò yín ló ti jáde. Ìyẹn dá wa lójú.”

“Ti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni àbí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀?” Dẹ́rẹ́bà ti dìde.

“Rólù kan náà ló lò fún méjèèjì. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ló máa sọ. Ẹ ṣì ní sùúrù.”

Ilẹ̀kùn padà tì. Télọ̀ fi àga sílẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí fèrèsé.

“Ṣé o rà á?”

“Mo rà á.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún èmi nìkan, lọ́jọ́ Ẹtì?”

“Ojú ló tì mí. Ẹ ti sọ mí ní orúkọ, ẹ sì ń fi mí yangàn fún àwọn oníbàárà.”

Télọ̀ mí kanlẹ̀. Kò sọ pé òun gbà á gbọ́, kò sì padà sórí àga. Nígbà tí Gbóná-má-jó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó bá a rìn.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ jẹun ọ̀sán, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ kò tíì fèsì. Ìsọ̀ tí bébà náà ti jáde ti dájú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tà á ni wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.