Ẹ Jẹ́ Kó Rí Ohun Tó Ń Fò

Ẹṣin náà sáré dé iwájú ògiri onígi, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin walẹ̀ gbọn-in, ó dúró. Ẹni tó gùn ún kò dúró ní tirẹ̀. Ó gba orí ọrùn ẹṣin kọjá bí ẹrù tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé, ó sì balẹ̀ gbì sínú yanrìn. Gbogbo èrò pápá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣubú yẹn ló ya obìnrin tó fara ti ọgbà lẹ́nu. Ó ti rí ẹni ṣubú rí. Òun náà ti ṣubú rí. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ẹṣin náà kò sá lọ. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó na ọrùn sí ògiri tó kọ̀ láti fò, ó sì ń gbóòórùn ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ń yẹ àga wò kí ó tó jókòó.

Ògbólógbòó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ obìnrin yìí ń pè é. Kì í ṣe pé ó ti darúgbó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣì ń jẹ́ ọmọge níbòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje oníṣẹ́ márùn-ún, níbi tí ènìyàn yóò ti fi idà jà láàárọ̀, tí yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun ẹṣin, tí yóò sì máa sáré tí yóò máa yìnbọn títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, àgbàlagbà ni ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹja ni wọ́n ń pe ẹni tó wà nínú yanrìn. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n. Ọmọbìnrin ni, ó kéré sí Ògbólógbòó lọ́jọ́ orí gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹja nítorí pé bó bá ti wọ omi, àwọn yòókù a dà bí ẹni tó gbé àpò símẹ́ńtì pọ̀n.

Àyè kan ṣoṣo ló kù fún orílẹ̀-èdè wọn níbi ìdíje ńlá tí gbogbo ayé ń pé sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Èyí tó bá ṣíwájú èkejì rẹ̀ lónìí ni yóò lọ. Ògbólógbòó ti pàdánù irú àyè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, orúnkún ló dá a dúró. Nígbà kejì, ẹni tó fi ìmí ẹyọ kan ṣíwájú rẹ̀ ló gbà á lọ. Èyí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Dókítà ti sọ ọ́, orúnkún náà sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Nínú ìdíje wọn yìí, kò sẹ́ni tó ń mú ẹṣin tirẹ̀ wá. Ẹṣin àjèjì ni wọ́n ń fi kèké pín, wọn a sì fún ọ ní ogún ìṣẹ́jú péré kí ẹ fi mọ ara yín. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan a gbé ènìyàn méjì, ẹnìkan ní ìpele kìn-ín-ní, ẹnìkan ní ìpele kejì. Kèké ti sọ̀rọ̀: Ẹja ni yóò kọ́kọ́ gun ẹṣin pupa yìí, Ògbólógbòó ni yóò tún un gùn.

Ẹja dìde, ó gbọn yanrìn. Ẹni tí ẹṣin bá dá kì í ṣàì tún un gùn. Ó gùn ún lóòótọ́, ẹṣin náà tún kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì parí yíyípo rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Lójú pátákó èsì, orúkọ rẹ̀ já wálẹ̀ bí èso tó pọ́n jù.

"O rí nǹkan?" ni Kóòṣì wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbólógbòó, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́, kò sì fẹ́ kí ayọ̀ hàn lójú òun ju bó ti yẹ lọ. "O ti ṣíwájú ẹ̀ báyìí. Kò ju kó o gbá ẹranko yẹn mú. Má fún un láyè rárá. Kẹ́sẹ́ gìgísẹ̀ nìhà, okùn ìjánu lọ́wọ́, gbọn-in gbọn-in."

Kò tíì dákẹ́ tí Ẹja fi dé, akoto lábẹ́ abíyá, yanrìn ní ìpéǹpéjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbá a mú o."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀rù ò bà á. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù ni. Ó fẹ́ wo nǹkan ni. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìdènà, ẹ dẹ okùn fún un, kó lè tẹ orí wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ohun tó ń fò." Ó tu yanrìn dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó fún mi."

Ó sì lọ.

Kóòṣì tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹni tí ẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jù nù ló ń kọ́ni lẹ́ṣin gígùn! Dẹ okùn níwájú ògiri yẹn, kí ìwọ náà jẹ yanrìn. Yanrìn ibẹ̀ ò sì níyọ̀."

Ògbólógbòó kò rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Kí ló wá kan ẹni tó ń bá a du àyè kan ṣoṣo pẹ̀lú bí òun ṣe máa fò? Bí òun bá ṣubú, Ẹja ni yóò tún ṣíwájú. Bí òun bá dẹ okùn tí ẹṣin sì dúró, ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ó fi ọ̀rọ̀ náà wo iwájú, ó fi wo ẹ̀yìn. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà. Ní ijẹta, ó tú ìkòkò tíì oníná tó wà nínú yàrá wọn palẹ̀ sórí ibùsùn, nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó ń súfèé nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi tútù ni wọ́n ń mu. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ àrékérekè? Àbí àrékérekè rẹ̀ gan-an ni pé kò jọ ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Olùtọ́jú ẹṣin fa okùn lé Ògbólógbòó lọ́wọ́. "Ọ̀gá lorúkọ ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Kì í jáni jẹ, kì í tani nípàá. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni."

Ògbólógbòó fò gun gàárì láìwo ẹṣin náà lójú. Bí ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn: ó ń wo ìdènà, ó ń wo agogo, ẹṣin kàn jẹ́ ohun tó wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, kí ó tó béèrè ipò tó ṣe, ìyá rẹ̀ a kọ́kọ́ bi í lórí fóònù pé, "Ẹṣin wo ni wọ́n gbé fún ọ?" Òun a sì fèsì pé, "Ẹṣin ni, Màámi. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni òfin gbà kí ènìyàn fò nígbà ìdánrawò. Ní ti àkọ́kọ́, ó ṣe bí Kóòṣì ti wí: ó gbá okùn mú, ó fi kẹ́sẹ́ kan ìhà ẹṣin. Ọ̀gá gbé orí sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dúró. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúró, ó sì fi orí gbọn okùn náà tagbára-tagbára bí ẹni tó ń já ọwọ́ ọlọ́pàá kúrò lọ́rùn aṣọ rẹ̀.

"Le ọwọ́ sí i!" Kóòṣì kígbe láti etí ọgbà.

Ògbólógbòó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ oníjà-idà ni. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń kọ́ ọwọ́ yìí pé bí ohunkóhun bá ti tì í, kí ó dì. Bí irin ọ̀tá bá ti kàn án, kí ó má ṣe fi àyè kankan sílẹ̀. Ọwọ́ náà sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yékéyéké. Kò wulẹ̀ ń béèrè mọ́ bóyá ohun tó ń ti òun jẹ́ ọ̀tá tàbí kò jẹ́ ọ̀tá.

Kò gba Ẹja gbọ́. Kí a sọ òtítọ́ nípa obìnrin yìí: kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ìbéèrè kan ló yọjú sí i lọ́kàn, kékeré, bí ìgbà tí ọmọdé bá fa ìyá rẹ̀ láṣọ láàárín èrò. Kí ni ẹṣin yìí tilẹ̀ ń wò?

Ó yí i padà, ó darí rẹ̀ sí ìdènà náà ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Nígbà tó kù díẹ̀, ó la ìka ọwọ́ rẹ̀. Okùn náà yọ́ lọ síwájú. Orí ẹṣin wálẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì nà síwájú bí ìka tó ń tọ́ka, ó sì fo ìdènà náà bí ẹni tó ń fo gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Kóòṣì ní kí ó lo méjì tó kù. Ó mi orí. Ó fi ìyókù àkókò rẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú okùn dídẹ̀, ó ń wo ohun tí Ọ̀gá ń wò: ike omi tó ṣubú, aṣọ àsíá tó ń fẹ́, ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú yanrìn. Kò sí ohun tí ẹranko náà kò fẹ́ wádìí fín-ín ìdí kókò.

Nígbà tí agogo dún, wọ́n wọ pápá. Ìdènà kìn-ín-ní kọjá, èkejì kọjá. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ọ̀pá, ọ̀pá sì já bọ́, Ògbólógbòó kò wẹ̀yìn. Wọ́n yípo, ògiri náà sì yọ níwájú wọn. Ó gbọ́ ohùn Kóòṣì láti ọ̀nà jíjìn, "Gbá a mú!" Gbogbo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó fẹ́ gbọ́ràn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí ó ju idà sílẹ̀ níwájú ẹni tó na tirẹ̀ sí i láyà.

Ó dẹ okùn.

Orí ẹṣin lọ sílẹ̀. Òun náà fi ojú tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó sì rí i. Kì í ṣe ògiri náà. Òjìji ògiri náà ni, tó nà gbalaja sórí yanrìn funfun ní ẹsẹ̀ rẹ̀, dúdú kirikiri bí ẹnu kòtò. "Ohun tó ń wò nìyẹn!" ni ó wí sókè, kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Ọ̀gá wo kòtò náà dáadáa, ó rí i pé kò jìn, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó sì gbé e ròkè. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí àyè tí wọ́n ń dù, kò sí orúnkún, kò sí Kóòṣì. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tún dé.

Nínú iṣẹ́ tó kẹ́yìn, ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú sílẹ̀, àwọn yòókù a sì tẹ̀ lé e bí àmì wọn ti kéré sí, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe dé òpin náà ni ipò wọn. Ògbólógbòó gbéra ṣáájú Ẹja. Wọ́n sáré, wọ́n dúró láti fi ìbọn oníná yin ojú dúdú márùn-ún lára pátákó títí wọ́n fi tàn ní àwọ̀ ewé, wọ́n tún sáré. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá dúró, ẹsẹ̀ tó ń lé e bọ̀ a túbọ̀ sún mọ́ ọn. Níbi ìdúró ìkẹyìn, Ẹja ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń mí bí ẹwìrì. Mẹ́rin tàn fún Ògbólógbòó, ìkarùn-ún kọ̀. Ó yìn ín, ó kọ̀. Ó yìn ín, ó tàn. Ó fi orúnkún tó ń ké sáré títí kò fi gbọ́ igbe rẹ̀ mọ́, ó sì kọjá ìlà pẹ̀lú èémí Ẹja gbígbóná ní ìpàkọ́ rẹ̀.

Àyè náà di tirẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, Kóòṣì sunkún sí i léjìká, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé òun ti wí i pé kó gbá ẹṣin náà mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ògbólógbòó wá Ẹja títí. Ilé àwọn ẹṣin ló ti bá a, tó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ó tẹ orí wálẹ̀?"

"Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀."

"Kí ló ń wò? Mo ti ronú títí, orí ń fọ́ mi. Ṣé ọ̀dà tí wọ́n kùn ún ni?"

"Òjìji ni. Òjìji ògiri náà lórí yanrìn. Ó jọ kòtò."

Ẹja pàtẹ́wọ́ tó fi jẹ́ pé ẹṣin tó wà ní yàrá kejì ta gìrì. "Òjìji! Ẹ ò rí i! Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nílẹ̀ yẹn!"

"Ẹja."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?"

Ẹja wò ó bí ẹni tí a bi léèrè ìdí tó fi ń mí. "Ta ni kí n sọ fún? Ẹ̀yin nìkan lẹ tún máa gùn ún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lohun tí mo rò, kò sì sẹ́lòmíràn tó lè bá mi wádìí ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó dùn mí o. Ẹ má rò pé kò dùn mí. Mo ti sunkún tán ní balùwẹ̀ kí n tó wá síbí. Ṣùgbọ́n òjìji, Ẹ̀gbọ́n! Òjìji!"

Ògbólógbòó fara ti ògiri. Ọ̀gá na ọrùn jáde, ó gbóòórùn èjìká rẹ̀ níbi tí omijé Kóòṣì ṣì ti tutù. Funfun tó wà níwájú orí ẹṣin náà kò tọ́. Ó tẹ̀ sósì lókè imú, bí ọ̀nà tó yà kúrò lójú títì. Ẹṣin mélòó ni òun ti gùn láti ọdún mẹ́rìndínlógún? Ó wá ojú ẹyọ kan nínú wọn lọ́kàn rẹ̀, kò rí i. Ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé bó bá jẹ́ òun ni kèké kọ́kọ́ mú, bó bá jẹ́ òun ló jáde pẹ̀lú yanrìn lẹ́nu, kí ni òun ì bá sọ fún ọmọ yìí? Èsì náà dé kí ìbéèrè tó parí. "Ẹṣin dáadáa ni," ni òun ì bá wí, òun ì bá sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti dúpẹ́, mo ti jó, ẹsẹ̀ ti ń dùn mí. Ó dáa. Ẹṣin wo ni wọ́n gbé fún ọ?"

Ó wo Ọ̀gá. Ó wo Ẹja, tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, tó ń fi ojú kan wo òjìji ilẹ̀kùn bóyá yóò jọ kòtò.

"Màámi," ni ó wí, "ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí gùn."