Màmá Kò Ní Wọ Bàálù Onífáànù

Ọjọ́ tí Olóyè Àlàbí sọ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ọ́fíìsì ló fi ẹ̀rín sí i, àfi Oore-ọ̀fẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá. Ilé-iṣẹ́ bàálù Olóyè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Adó-Èkìtì lọ sí Èkó, Oore-ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ní kó ṣèwádìí irú bàálù tí wọ́n máa rà. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ó ní kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí wọ́n ra onífáànù, èyí tí fáànù ńlá méjì ń yí níwájú ìyẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀nà yìí kúrú, sà," ló wí. "Kí jẹ́ẹ̀tì tó gòkè tán, ó ti tó àkókò láti máa sọ̀ kalẹ̀. Epo tó ń mu á sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ohun tí apá tíṣà kò ká. Onífáànù kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù ú lọ, epo tirẹ̀ kéré, èrò tí a máa rí á sì kún inú rẹ̀."

Olóyè mi orí. Ọmọ Ìgèdè ni, ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. "Oore, ìṣirò rẹ dára. Ṣùgbọ́n ta ló máa wọ̀ ọ́? Ará Èkìtì? Àwa tí a lè bèèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá wa kọ ebè?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Bí màmá rẹ bá wọ onífáànù láti Adó dé Èkó, màá fọwọ́ síwèé. Bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, jẹ́ẹ̀tì la máa rà."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Màmá Oore-ọ̀fẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìyìn-Èkìtì, ló kọ́ Olóyè ní ABD. Bí Màmá bá ti sọ pé rárá, bíṣọ́ọ̀bù pàápàá kò lè yí i padà. Oore-ọ̀fẹ́ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fi jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbèsè á fi pa ọ̀nà náà, kóówá á sì padà sójú títì oníkòtò.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, òun àti Màmá jọ ń gún iyán nígbà tó mú ọ̀rọ̀ náà jáde.

"Bàálù tí fáànù ń gbé?" Màmá dá ọmọ odó dúró sókè. "Fáànù ulé mi ńkọ́? Bí NEPA bá ti mú uná lọ, ṣé kì í dúró ni? Ojú ọ̀run ni tìyẹn á wá ti dúró!"

"Màmá, kò kan NEPA. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ọmọ ìyá ti jẹ́ẹ̀tì sì ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, fáànù tirẹ̀ ló kàn wà níta."

"Kí ló ń wá níta? Ṣé kò rí yàrá gbé ni?"

Oore-ọ̀fẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó ráyè mí, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí iyán fi tutù. Màmá ní òun á wá wò ó, wíwò kò lẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ inú rẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó tó ń ta bàálù náà gbé e wá sí Adó kí wọ́n fi dán ọ̀nà Èkó wò, Màmá wá lóòótọ́. Gèlè ọjọ́ ìkórè ló wé. Ó yí bàálù náà po bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kan fáànù, ó wo ìka ọ̀hún bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró síbi ìbòòji.

"Mo ti rí i. Ó rẹwà. Ó dàbọ̀ o."

Olóyè fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Oore, ó parí nìyẹn. Wọlé ká máa lọ."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá wọn lọ, nítorí náà Oore-ọ̀fẹ́ gun àtẹ̀gùn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí omi tó ń bọ̀ níbẹ̀. Àfi bó ṣe gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ dúró! Ẹ má tì í!" Màmá já wọlé, gèlè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá máa dúró lókè, kó bá mi níbẹ̀!"

Ó jókòó ti Oore-ọ̀fẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bàálù gbọ̀n, Màmá pe Jésù, pe bàbá Oore-ọ̀fẹ́ tó ti kú, ó tún pe Jésù. Ilẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó la ojú kan.

Bàálù náà kò ga jù, ìyẹ́ rẹ̀ sì wà lókè fèrèsé, kò sóhun tó dí èèyàn lójú. "Ìyìn rè é!" Màmá kígbe. "Ṣọ́ọ̀ṣì wa rè é! Háà, òrùlé Adéyẹyè! Ó ní òun ò rí nǹkan dá níbi ìkórè, òun ló ń kan páànù aláràbarà yìí?" Ó da orin bolẹ̀. Gbogbo bàálù gbè é, òyìnbó náà ń pàtẹ́wọ́, kò bá orin lọ rárá, Oore-ọ̀fẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Wọ́n balẹ̀ sí Èkó, ṣùgbọ́n Olóyè kọ̀. "Tíṣà, èyí ò kà. Nítorí ọmọ yín lẹ ṣe wọ̀ ọ́."

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe kó tó dá a lóhùn. "Àlàbí, kí ni ará Èkìtì ń wá wá sí Èkó? Ṣé òkun la fẹ́ wò? Ọmọ wa là ń tọ̀ wá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ tára rẹ̀ kò yá. Ọmọ tí kò wálé mọ́."

Olóyè ṣí fìlà rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ wà ní Ìgèdè, egungun rẹ̀ kò gba ojú títì mọ́, Olóyè kò sì ráyè lọ wò ó. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi mú màmá mi wọ̀ ọ́ wá?"

"Kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ná," ni Màmá wí.