Ààwẹ̀ Ìṣẹ́gun

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 2024, Jésùtófínmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣubú lórí pápá tẹníìsì ní Odode, ó sì kú.

Kíláàbù àwọn ọlọ́lá ló ni pápá náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń darúgbó, àwọn ọmọ tiwọn sì ti kó lọ sókè òkun, ni wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ aráàlú, Jésùtófínmi sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni Olútìmẹ́hìn, bàbá Jésùtófínmi, kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ eré mìíràn mọ́. Ó ní kí ọmọ fi eré sísá sílẹ̀, kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tẹníìsì nìkan ni yóò gbé e dé Amẹ́ríkà. Akin tó ń kọ́ wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré bí ọmọdé.

"Ìwọ tí o ṣe gbogbo eré," ni Olútìmẹ́hìn dá a lóhùn, "ìlú òyìnbó wo lo dé?"

Nígbà tí ìdíje tẹníìsì àwọn ọmọdé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kéde ààwẹ̀ ìṣẹ́gun fún gbogbo ilé, ààwẹ̀ gbígbẹ bí wọ́n ti ń gbà á ní ìjọ wọn: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, àfi bí ilẹ̀ bá ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ọmọ ní ọ̀fun òun gbẹ.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kàn tọ́ omi wò."

"Ṣé o fẹ́ ba àdúrà gbogbo wa jẹ́ ni?"

Kò tún bèèrè mọ́. Oòrùn ọ̀sán ló bá a lórí pápá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Olóyè Akínlẹ́yẹ, alága kíláàbù, mú Akin wá sílé wọn. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ pé Akin ló fi ìgbaradì àṣejù pa ọmọ, wọ́n sì fẹ́ lé e, kí wọ́n ti pápá mọ́ àwọn ọmọdé pátápátá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ tẹnu òbí ná.

"Bàbá Tófínmi, ẹ má bínú. Ṣé ó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ṣé ó mu omi?"

Fẹ́yìsetán, ìyá ọmọ, gbójú sókè, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Akin náà ń wò ó. Alàgbà ìjọ ni Olútìmẹ́hìn. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò yọ ọkùnrin yìí, ó sì mọ orí ẹni tí ẹ̀bi yóò bọ́ sí.

"Ó jẹun," ni ó wí. "Ó mu omi."

Fẹ́yìsetán dìde, ó wọ yàrá lọ.

Wọ́n lé Akin. Wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu géètì. Fẹ́yìsetán kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Atosin, kò bá ọkọ rẹ̀ jà, kò sì dágbére fún un. Nígbà náà ni Olútìmẹ́hìn tó lè ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọ.

Ohun tó bá níbẹ̀: ráákẹ́ẹ̀tì méjì, sùtánà funfun kan tí ìyá rẹ̀ ti tú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ń ga, ìwé Bàólójì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, bisikíìtì kan lábẹ́ ìrọ̀rí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.