Afẹ́fẹ́ Ọjọ́ Jímọ̀

Láti ìgbà tí àwọn ará yunifásítì ti gbé ẹ̀rọ tó ń ka eruku afẹ́fẹ́ kọ́ sára ògiri ilé Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ní Ìgàndò, bàbá náà kò kí ènìyàn bí ènìyàn mọ́. Bí o bá ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," á ní, "Àárọ̀ wo? Eruku ti di márùndínláàádọ́rin!" Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àdúgbò ń pè é ní Prof, kò sì dá wọn lẹ́kun.

Ẹ̀rọ yìí ló fi lé Àdíját, ẹlẹ́ja yíyan, kúrò lójú ọ̀nà. Ó ka nọ́ńbà síta níwájú ẹgbẹ́ onílé, wọ́n sì wó ààrò obìnrin náà. Kò ju oṣù kan lọ tí iṣẹ́ ìyanu fi dé: ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà á kàn wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Olúwatósìn, ọmọ yunifásítì tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, pè é lórí fóònù. "Sà, níbòmíràn, Mọ́ńdè ni eruku máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Sọ́ńdè ló ń rọlẹ̀, nígbà tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ bá sinmi. Tiyín nìkan ló ń rọlẹ̀ ní Jímọ̀. Òjò ò mọ ọ̀sẹ̀, afẹ́fẹ́ ò mọ Sọ́ńdè. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, sà."

Orí Dáramọ́lá wú. "Ọwọ́ tèmi ni, ọmọ mi. Mo ti là wọ́n lọ́yẹ̀." Ó tún un sọ nípàdé onílé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Ọjọ́ Jímọ̀ yìí kan náà ni bàbá máa ń lọ sípàdé àwọn tó fẹ̀yìn tì ní Abúlé Ẹ̀gbá. Lọ́sẹ̀ yẹn, alága wọn ò yọjú, ìpàdé sì tú kí oòrùn tó kan àtàrí. Bó ṣe yà sí àdúgbò rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn onílé ta gìrì.

"Há! Prof! Ẹ mà tètè dé lónìí o!" Ó pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ará Ẹ̀gbẹ́dá gbọ́.

Èéfín ń yọ lẹ́yìnkùlé Dáramọ́lá. Ẹ̀rọ wà lára ògiri, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi ìborùn Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, dì í, bí ọmọ tí òtútù mú. Àyìnkẹ́ àti Àdíját jókòó ti ààrò, wọ́n ń yí ẹja.

"Àyìnkẹ́!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lé e lójú ọ̀nà, ibo ni kó gbé ẹja rẹ̀ lọ? Kí nọ́ńbà yín má baà bàjẹ́ la ṣe ń bò ó."

"Ta ló tún mọ̀?"

Àyìnkẹ́ wolẹ̀. Àdíját ló dáhùn: "Ẹ má bínú o, Prof. Gbogbo àdúgbò ló ń rà á lọ́wọ́ wa. Ẹja inú ọbẹ̀ yín ńkọ́, odò lẹ rò pé ó ti fò wá ni?"

Dáramọ́lá rántí àtẹ́wọ́ ìpàdé. Àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn ti jẹ ẹja kí wọ́n tó pàdé fún un. Èyí tó dùn ún jù ni Àyìnkẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ń ròyìn ìṣẹ́gun rẹ̀ fún un nídìí oúnjẹ, tí obìnrin náà ń mi orí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Fóònù dún. Olúwatósìn ni. "Sà, lọ́la la fẹ́ fi Jímọ̀ yín sínú ìwé wa. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó wo àwọn obìnrin méjèèjì. Kí wọ́n wá máa sọ ní yunifásítì pé olùkọ́ kan kàwé títí, kò lè ka ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?

"Yọ ọ́ kúrò, ọmọ mi. Wọ́n ń bo ẹ̀rọ yẹn ni."

"Ta ló ń bò ó, sà?"

"Èmi ni."

Olúwatósìn ní, "Há, sà," ó sì pa fóònù.

Àyìnkẹ́ bú sẹ́kún, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Nítorí tèmi lẹ ṣe gbà á sórí? Ọlọ́run á bá mi san án fún yín!"

Lójú bàbá, kí wọ́n pè é ní òpùrọ́ ṣì sàn ju kí wọ́n pè é ní òmùgọ̀ lọ. Òpùrọ́ ṣì ní ọpọlọ. Ó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa dúpẹ́ lọ, ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.