Àyà Tó Ń Já

Ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù fò sókè, ó dúró, ó tún fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da iyọ̀ sí lẹ́yìn. Oyinkán wo ìlà, ó wo ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí Màmá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà subway, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ní North York, tí ọ̀sàn tó rà fọ́n ká sórí yìnyín.

"Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí. Morufat ni wọ́n kọ sí káàdì àyà rẹ̀. "Kí ló ń ṣe yín kí ẹ tó ṣubú?"

"Àyà mi ló ń já."

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n," ni Oyinkán yára sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún dókítà tó dúró tì wọ́n.

Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Bó ṣe sọ ọ́ fún dókítà mìíràn nìyẹn ní oṣù kìíní. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ fi fóònù pe ògbufọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá ìyá òun ju òun lọ? Dókítà ọ̀hún ní àníyàn ni, kí Màmá máa mí sínú, kí wọ́n máa mí síta.

"Kí ni mo ti ń ṣe láti ọdún méjìdínláàádọ́rin?" ni Màmá bi í nígbà tí wọ́n délé, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí.

Morufat kò rẹ́rìn-ín. "Auntie, ẹ dúró ná." Ó yíjú sí Màmá. "Kí ló já yín láyà?"

"Kò sóhun tó já mi láyà. Mo jókòó jẹ́ẹ́, ó ń já. Mo sùn, ó ń já. Á sáré, á dúró, á tún máa jà bí ẹja nínú garawa. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀rù? Yìnyín?"

Oyinkán tún wo ìlà tó ń fò lójú ẹ̀rọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Inú tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Morufat ṣàlàyé fún dókítà. Dókítà tún wo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọkàn Màmá ń lù ségesège. Bí kò bá tíì pé ọjọ́ méjì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn lè fi iná mọ̀nàmọ́ná tún un ṣe báyìí. Bó bá ti pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, iná náà sì lè tì í lọ sínú ọpọlọ.

Morufat sáré jáde lọ wá oògùn. "Ẹ bi wọ́n, láti ìgbà wo?" ni dókítà wí fún Oyinkán.

Oyinkán bi Màmá.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún ọ," ni Màmá wí.

Oyinkán túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láìfi kún un, láìyọ kúrò.

"Fún mi?" ni dókítà wí. "Òní náà ni, nígbà náà. Ó dára, kò tíì pẹ́." Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ iná wá.

Màmá sọ pé "ọ", wọn kò sọ pé "yín". Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, "you", ló fi ń pe ọmọ àti dókítà. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láé.

Oyinkán di apá aṣọ dókítà mú.

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ló wí. "Èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Láti oṣù kìíní. Èmi ni mo ṣì í túmọ̀."

Dókítà na ọwọ́ sókè, ẹ̀rọ iná dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo sọ fún wọn?" ni Màmá bi í.

"Ohun tí ẹ sọ ni, Màmá."