Bàtà Ẹnu Ọ̀nà Lhazom

Ọjá bàtà lásán ni, àmọ́ láti ìgbà tí oòrùn ti yọ ló ti ń yọ Gyurme lẹ́nu bí ìdọ̀tí tó kó síni lójú. Ọjá náà pupa, ó ní ìlà àwọ̀ ewé láàárín, ó sì lọ́ mọ́ ojúgun Norgye àbúrò rẹ̀ lókè bàtà onírun tí gbogbo ọkùnrin abúlé Tarkhung ń wọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Norgye kọ́kọ́ so ó. Gyurme mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi rí i lórí òfì níwájú Lhazom, tó sì ń dákẹ́ rẹ́rìn-ín, tó rò pé ẹsẹ̀ òun ni wọ́n ń hun ún fún. Ẹni tó ń retí ohun tí wọn ò ṣèlérí fún un, ẹ ò rí i pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹ̀fọ́rí!

Ìyàwó Gyurme ni Lhazom. Ìyàwó Norgye náà sì ni. Ní Tarkhung, bí bàbá kan bá bí ọkùnrin méjì, ìyàwó kan ni wọ́n ń fẹ́ fún àwọn méjèèjì, kí oko ọkà báálì má baà di ìkékúrú lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ni ọkọ àgbà, àbúrò ni ọkọ kékeré. Òfin bàtà ni wọ́n fi ń gbé pọ̀: ọkọ tó bá wọ yàrá ìyàwó á bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èkejì tó bá dé, tó bá bàtà níbẹ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ti wálé, á sì yí padà lọ sùn nídìí ààrò. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ fajú ro láàárọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé olórogún, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ti Tarkhung kàn jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni orogún ara wọn.

Gyurme ti wú ikọ́ yẹn títí ọ̀fun rẹ̀ fi bó. Afinimọ̀nà ni, àwọn òyìnbó ló ń kó gba orí òkè kiri, bó bá sì ti lọ, ó di oṣù méjì. Ìgbà tó bá darí dé, tó ti ronú ìyàwó rẹ̀ títí lójú ọ̀nà, bàtà Norgye ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ó ti ta gbòǹgbò síbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń lọ, nítorí pé Lhazom àti Norgye ló ń da yáàkì, màlúù onírun tó ń ru ẹrù àwọn òyìnbó. Nyalung ni wọ́n fẹ́ kọjá, ẹnu ọ̀nà gíga tó la òkè já sí ìhà kejì. Ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù ni Lhazom ti là á mọ́lẹ̀.

"Ọkọ mi àgbà," ó ní, ó ń fa okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ yáàkì, "bí a bá ti padà dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni mò ń lọ. Ọkọ méjì ti sú mi. Ọ̀kan ni mo fẹ́. Kí wọ́n bá wa pín ilé."

"Èwo nínú wa?"

"Ẹ̀yin náà kúkú lójú."

Pínpín ilé! Ọkùnrin tí wọ́n bá pín sóde ní Tarkhung, oko kótópó kan àti ìkòkò kan ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́. Kò ní ilé, kò ní ààrò, kò sì sẹ́ni tó máa fún un láya mọ́. Ohun tí Gyurme gbé sọ́kàn gun òkè nìyẹn, kó tó wá di pé ọjá tún yọ lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀.

"Norgye!" ó pariwo. "Ṣé ẹran lò ń dà ni àbí ijó lò ń jó?"

"Ẹran ń lọ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ ò yé bojú wẹ̀yìn. Kí lẹ ń wò?"

"Ẹrù ni mò ń wò."

"Kò sí ẹrù lójúgun mi o."

Lhazom bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ta Gyurme láyà ju afẹ́fẹ́ òkè lọ. Ó gbá òkúta kan nípàá, òkúta ò dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pàgọ́ sábẹ́ Nyalung kí òkè náà lè mọ́ àwọn àlejò lára. Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn òyìnbó náà, Hanne lorúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó sì ti bá Gyurme rìn lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó wọ àgọ́ ìdáná, ó jókòó ti Norgye, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ọjá náà.

"Gyurme, ta ló hun èyí?" Ó nawọ́ sí Lhazom tó ń se tíì. "Òun yìí? Ó mà lẹ́wà o! Bi í fún mi, ta ni ọkọ rẹ̀?"

Hùn. Ẹ wo ọ̀ràn. Gyurme ni ògbufọ̀.

Kí ẹ tó káàánú rẹ̀, ẹ gbọ́ o. Lọ́dún tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìfinimọ̀nà ní ìlú ńlá Kathmandu, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ní ìyàwó kan, wọ́n fi í ṣẹ̀sín débi pé kò lè bá wọn jókòó jẹun mọ́. Láti ìgbà náà, òyìnbó tó bá bi í, èsì kan ló ní: "N kò tíì níyàwó." Ó sọ ọ́ fún Hanne. Hanne tilẹ̀ ní òun á bá a wá ọ̀kan. Norgye ńkọ́? "Darandaran wa" ló ń pè é lójú àlejò.

"Ó ní ọjá náà dára," Gyurme túmọ̀ fún Lhazom.

"Ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ túmọ̀ gbogbo rẹ̀."

"Ó ní... ta ni ọkọ rẹ."

Norgye tẹrí ba, ó ń fẹ́ iná tó ti ń jó geere. Lhazom da tíì oníbọ́tà sínú àwo Hanne, ó rọra gbé kẹ́tùlù kalẹ̀.

"Afinimọ̀nà wọn kò kúkú níyàwó," ó ní. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, alásè tó ń bá yín rìn ti ròyìn fún mi láti ọdún tó kọjá. Òun ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé darandaran ni."

Ẹ gbà mí, Gyurme sì túmọ̀ rẹ̀! "Ó ní darandaran ni ọkọ òun."

Hanne pàtẹ́wọ́. Ó bọ Norgye lọ́wọ́, ó fà á mọ́ Lhazom lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní tọkọtaya yìí bára mu ju gbogbo èyí tí òun ti rí lọ. Ló bá na kámẹ́rà sí Gyurme, ó ní kó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gyurme gbà á. Ó yà wọ́n. Ìgbà tí Hanne wo fọ́tò náà, òun àti Lhazom ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ Norgye ò lórí.

"Afẹ́fẹ́ ló tì mí," ni Gyurme wí.

Nígbà tí Lhazom gbé korobá lọ sódò, Gyurme tẹ̀ lé e. Owú ti gún un dé góńgó, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kí ni mo ṣe tí ọjá ò fi kàn mí? Ọkọ àgbà kọ́ ni mí ni?"

"Ẹsẹ̀ wo ni ẹ fẹ́ kí n so ó mọ́?"

Gyurme wolẹ̀. Bàtà òyìnbó ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lílekoko, olókùn ọ̀rá, èyí tí àlejò kan fi ta á lọ́rẹ.

"Bàtà ilé yín wà lórí àjà," Lhazom ní. "Eku ti bímọ sínú rẹ̀. Ṣé kí n hun ọjá fún eku?"

"Nítorí bàtà lo ṣe fẹ́ tú ilé wa ká?"

"Nítorí ẹnu yín ni. Ọ̀lẹ ni Norgye, ó ń hanrun, bó bá yó tán kì í gbé àwo. Mo mọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá bi í ta ni mí, kì í kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò." Ó bu omi, ó gbé e. "Ẹ̀yin, orí òkè níbi tí gbogbo ọkọ ti ń ké orúkọ ìyàwó wọn, inú kọ́là ẹ̀wù yín lẹ ń sọ tèmi sí. Alásè gbọ́ ìyẹn náà."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, Gyurme sì ti da tirẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gun Nyalung. Òtútù ń já èèyàn nímú, àwọn òyìnbó ń mí gúlegúle. Ìgbà tí wọ́n dé ṣóńṣó orí ọ̀nà náà, tí àwọn àsíá tí wọ́n kọ àdúrà sí lára ń pa pàtàpàtà lórí òkìtì òkúta, Lhazom tọwọ́ bọ àyà, ó mú òkúta ilé jáde. Ìdí ilẹ̀kùn ilé ni wọ́n ti ń ṣa á. Ọkọ àgbà ló ni gbígbé rẹ̀ sórí òkìtì, yóò sì ké orúkọ ìyàwó ilé kí òrìṣà tó ni òkè lè mọ ẹni tó ń kọjá.

Ṣùgbọ́n Lhazom ò gbé e fún Gyurme. Ó tẹ́wọ́ tí òkúta wà nínú rẹ̀ sáàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì.

"Ta ló fẹ́ pè mí?"

Gyurme wo àwọn òyìnbó. Kámẹ́rà ti wà lójú gbogbo wọn. Ibi tó ti ń wò wọ́n ni Norgye ti nawọ́.

Áà! Gbogbo owú ọdún wọ̀nyẹn ló ru bo Gyurme lójú: bàtà tó ta gbòǹgbò, ikọ́, ọjá, gbogbo rẹ̀. Ó já òkúta gbà kí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó débẹ̀, ó gbé e lé òkìtì pà, ó sì fi gbogbo ohun tó kù láyà rẹ̀ ké:

"Èmi Gyurme, ọmọ Tarkhung! Èmi àti Lhazom ìyàwó mi la dé! Àti Norgye àbúrò mi, ọkọ rẹ̀! Àwọn òrìṣà borí o!"

Ṣé ìfẹ́ ló ké bẹ́ẹ̀, ṣé owú ni? Ẹ má bi mí. Ká ní Norgye ò nawọ́, mi ò rò pé à bá gbọ́ ohun kan.

"Kí lo sọ?" Hanne bi í.

Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un láìyọ ọ̀kan. Ọkùnrin kan nínú àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín Kathmandu yẹn gan-an, etí Gyurme sì gbóná. Àmọ́ ó dúró.

"O ní o ò níyàwó," Hanne ní.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, Màmá."

Hanne wo Gyurme, ó wo Norgye, ó wá wo Lhazom pẹ́. "Ọkọ méjì? Èmi tó jẹ́ ẹyọ kan ni mo ní, díẹ̀ ló kù kó pa mí!"

Gyurme túmọ̀ rẹ̀. Lhazom rẹ́rìn-ín títí ó fi di yáàkì mú. "Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń pa èmi náà lọ́wọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ti pàgọ́ sí ìhà kejì. Norgye ṣì ń wá yáàkì kan tó ṣáko lọ́nà ìsọ̀kalẹ̀. Gyurme fún àwọn àlejò lóúnjẹ tán, ó gba iwájú àgọ́ Lhazom kọjá bí ẹni pé ó ń lọ síbì kan. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí bàtà níbẹ̀. Ó dúró.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí òjò dídì sin yín síta ni?" Ohùn Lhazom ló dún nínú àgọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn ọ̀rá náà ti dì, ó kọ̀ kò tú. Eyín ló fi tú u nígbẹ̀yìn. Ó to bàtà òyìnbó náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé o ṣì ń lọ bá wọn?"

"Ilé ṣì jìn. Ẹ ti àgọ́, òtútù ń wọlé."

Lhazom ti sùn lọ nígbà tí agogo ọrùn yáàkì dún ń bọ̀. Gyurme gbọ́ ẹsẹ̀ lórí yìnyín, bàtà onírun tí ọjá so dáadáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàriwo. Ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Inú Gyurme dùn, ká má parọ́. Ó ti ń retí rẹ̀ ó ti pẹ́. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ ìbora, ó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, ó ń dúró de kí orogún rẹ̀ rí bàtà.

Norgye dúró pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Gyurme mọ ikọ́ náà. Ó mọ ibi tó ti ń jáde láyà, ó mọ bí ọ̀fun ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ bí ibùsùn ìdí ààrò ṣe tutù tó. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń padà lọ sáàárín àwọn ẹran, kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́.